Ẹbí Kòkòrò

Sípánà gbá Humairah lápá, egungun sì dá. Obìnrin náà ṣubú sáàárín àwọn àga nínú ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìwó. Ọkọ rẹ̀ tún gbé sípánà sókè. Dúró ni orúkọ ọkùnrin yìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń tún ṣe lọ́nà Olúpọ̀nnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ kò mọ ìdúró kankan.

Dókítà Sẹ̀gilọlá sáré bọ́ sáàárín wọn. Kì í ṣe pé ó láyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní kòkòrò àrùn éèdì ní Ìwó àti agbègbè rẹ̀ ló ń gbà yẹ̀wò, nítorí kòkòrò náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ó pín sí ẹbí-ẹbí bí àwa èèyàn. Sẹ̀gilọlá sì fẹ́ mọ ẹbí tó wà nílẹ̀ yìí, kí àwọn tó ń ṣe oògùn lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Dúró na fóònù sí i lójú. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí dókítà fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí tọkọtaya náà ló wà níbẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan, bí gbogbo wa ti máa ń kọ ọ́: "A n wa ebi kokoro to wa ninu eje yin. E wa gbo abajade ni ojo Isegun."

"Ẹ ti rí ẹ̀bi náà," ni Dúró wí. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú yẹn, kò gbàgbé láti bọ̀wọ̀ fún dókítà. "Èmi ni àbí òun? Ta ló jẹ̀bi?"

Ẹbí ni Sẹ̀gilọlá kọ. Ẹ̀bi ni ọkùnrin yìí kà. Láti ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé ló ti ń retí ìdájọ́, òwúrọ̀ yìí ni sùúrù rẹ̀ tán.

"Ẹbí ni mo kọ, Bàbá Tèmilọlá," ni Sẹ̀gilọlá dá Dúró lóhùn. "Ẹbí, bíi mọ̀lẹ́bí. Ọmọ ìyá ni kòkòrò tó wà lára ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o wọlé."

Dúró ní obìnrin ń bo obìnrin láṣìírí ni. Ó fi sípánà gbá tábìlì, àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ fọ́ yángá. Ó gbá dókítà léjìká, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Orí ló ń wá lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn ọlọ́kadà ẹnu ọ̀nà ló já wọlé. Wọ́n gba sípánà, wọ́n sì fi nà án títí eyín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọn ì bá lù ú pa bí kì í bá ṣe pé dókítà bẹ̀ wọ́n. Ohun tó dun Sẹ̀gilọlá ni pé bó ti ń bẹ̀bẹ̀ náà ni inú rẹ̀ ń dùn sí ìyà tó ń jẹ ọkùnrin náà. Wọ́n wọ́ ọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Nígbà tí ibẹ̀ parọ́rọ́, Sẹ̀gilọlá ń fi igi di apá Humairah, ó sì ń sunkún. Ó ní òun ló fà á, àmì kékeré ni òun kò fi sórí ọ̀rọ̀.

"Ẹ má sunkún mọ́, mà," ni Humairah wí. "Kí ẹ tó kọ ọ́ ni ọwọ́ ọkọ mi ti mọ̀nà ojú mi."

Ó ní òun ti lọ bá ọlọ́pàá rí. Wọ́n ní kó padà sílé, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ẹbí lọ parí rẹ̀. Ó wo apá rẹ̀ tó wú, ó sì gbójú sókè.

"Ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ rí fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹ kọ ẹ̀bi rẹ̀ síbẹ̀, mà. Kí ẹ sì fi àmì sí i, kí wọ́n má baà tún kà á sí ẹbí."