Ọ̀rá Kọ́ Ló Lọ

Èkúté kò ṣeé bẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà tó ń yí bí ẹni tí wọ́n da èèrà sí lára, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ kó wọ̀. Ẹ̀rọ olóòfà tí a fi ń yẹ̀ wọ́n wò kì í dá ọgbẹ́ sí wọn lára, kì í kùn wọ́n lóorun. Kí wọ́n ṣáà dúró jẹ́ẹ́ fúngbà díẹ̀, á sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rá lára wọn àti èyí tó jẹ́ ẹran. Èmi tí mò ń ní kí èkúté dúró jẹ́ẹ́, èmi gan-an kò lè dúró.

Ìyá mi ló fà á. Alhaja Ojúọlá ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Makola ní Accra, ó ń ta mílíìkì, ó ń ta ṣúgà, ó tún ń ta àgúnmu kan tó ní ó ń jó ọ̀rá. Nígbà tí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní ká fi èkúté wádìí irú àgúnmu bẹ́ẹ̀, ìyá mi ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá, tẹ̀ríntẹ̀rín. Òun fúnra rẹ̀ ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ti rù débi pé egungun èjìká rẹ̀ yọ lábẹ́ búláòsì, ó sì ń yan kiri ọjà pé òun ti di ọmọge. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mò ń ṣe ìlara òun. Ìlara kẹ̀! Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, a gbé àwọn èkúté tó ń jẹ àgúnmu náà sórí ìwọ̀n, wọ́n ti fúyẹ́. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, pé ìwọ̀n kò mọ ohun tó lọ lára wọn, ẹ̀rọ olóòfà ló máa sọ ọ́. Ibi tó wù ú nìkan ló gbọ́. Oníṣòwò ni: bí àpò ìrẹsì bá fúyẹ́ lórí ìwọ̀n, ìrẹsì ló lọ, kí ló tún kù? Kó tó di ọ̀sán, gbogbo Makola ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fọwọ́ sí i. Òun náà bá sọ ṣíbí kan tó ń mu di méjì.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Dumsor, bí wọ́n ṣe ń pe iná àlọbọ̀ níbẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbádùn ní Accra lọ́dún náà. Àkànó tó ń bójú tó ẹ̀rọ tan jẹnẹrétọ̀, ó ní ká dúró kí yàrá tutù dáadáa, torí ooru tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń da òòfà náà rú. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Fóònù mi ń dún, ìyá mi ni, mi ò gbé e. Adìyẹ bà lókùn ni, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rá èkúté náà wà bó ṣe wà. Ẹran ara rẹ̀ ló lọ.

“Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́,” ni mo wí.

Àkànó kò bá mi jiyàn. Ó ti ike òróró tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò bọ inú rẹ̀, iye tó yẹ kó kà gan-an ló kà. Mo bọ́ òrùka, mo bọ́ ẹ̀gbà, mo yọ abẹ́rẹ́ tó wà lára ìborí mi, bóyá irin ló ń dà á láàmú. A fi èkúté mìíràn sí i, ẹran ló lọ. A fi òmíràn sí i, ẹran náà ni.

“Sister Afeefah,” Àkànó ní, “ẹ̀rọ ò mọ ìyá ẹni o.”

Inú bí mi sí i, torí òótọ́ ló sọ.

Ibẹ̀ la wà tí Alhaja fi wọlé, tó ń mí gúlegúle. Ó ti wọ ọkọ̀ trotro láti Tudu lẹ́bàá ọjà.

“Adɛn? Kí ló dé? Mo pè ẹ́ títí! Ṣé kí n lọ tẹ orúkọ yín sára ike àgúnmu mi?”

Mo fi í jókòó sórí àga. “Màámi, bí alápatà bá gé gbogbo ẹran kúrò, tó wá kó ọ̀rá fún yín, ṣé ẹrù yín kò ní fúyẹ́?”

“Á fúyẹ́.”

“Ohun tí àgúnmu yín ṣe fún àwọn èkúté nìyẹn. Ọ̀rá kọ́ ló lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún mọ́.”

Ó pòṣé. “Èkúté lẹ wọ̀n. Ṣé èmi wá jọ èkúté paa?”

Ó gbá báàgì rẹ̀ mú, ó fẹ́ fi ìbínú jáde. Ó nawọ́ tẹ apá àga, ó gbé ara rẹ̀ díẹ̀, ó padà jókòó. Ó ní àga wa ti rẹlẹ̀ jù. Àga náà kò rẹlẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Àkànó sì yíjú sí ògiri. Mo na ọwọ́ sí i, kò gbà á. Ó kàn ń wo orúnkún ara rẹ̀.

“Afeefah,” ó wí jẹ́jẹ́, “àwọn obìnrin tí a jọ ń kírun ń yìn mí, wọ́n ní ìforíkanlẹ̀ mi ti ń pẹ́, pé mo ti sún mọ́ Ọlọ́run. Mi ò lè dìde ni.”