Ìbọn Inú Sàréè Bàbá Nùrẹ́nì

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Bàbá Nùrẹ́nì dákẹ́ ní ilé rẹ̀ ní Ìgandò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sin ín kó tó di ìrun Alásárì. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Mọ̀dínátù, ìyàwó Nùrẹ́nì ọmọ rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àárín pálọ̀ ni bàbá máa sùn.

Gbogbo àdúgbò mọ ohun tó ń sá fún. Fẹ́kọ́mi, ọ̀gá àwọn ajagungbalẹ̀, ti ń yí ilé náà po tipẹ́. Ó ní ilẹ̀ baba òun ni, òun sì ti rí ẹni tó máa rà á. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra ilé tí òkú onílé wà ní àárín pálọ̀?

"Ẹ jẹ́ ká sin wọ́n síbẹ̀," ni Mọ̀dínátù wí fún ọkọ rẹ̀. "Kí Fẹ́kọ́mi wá gbé wọn lọ, ká rí i."

Wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀. Nùrẹ́nì ti gbẹ́ ẹ dé orúnkún nígbà tí díígà rẹ̀ dún gan-in lórí irin. Ohun kan ni wọ́n fi tapólì dì, gíríìsì sì yí i lára. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n rí ìbọn dúdú kúkúrú kan tí kò ní igi lára rárá, bíi páìpù tí wẹ́dà jó pọ̀. Àpótí ọta rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá Ṣóbọ̀wálé, tó bá olóògbé lọ sí ogun Bìáfírà, yọjú wo inú ihò, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin yìí! Àṣé kò jù ú nù! Arọ̀jò-ọta nìyẹn o. Wọ́n ní òun làwọn òyìnbó fi ja ogun Hítílà. Ó ti gbó kó tó kan tiwa."

"Ta ló fún wọn, bàbá?" ni Mọ̀dínátù bi í.

"Ta ní í fúnni nírú ẹ̀, ìyàwó? Ọwọ́ ọmọ Bìáfírà kan ló ti gbà á. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń ké pe ìyá ẹ̀. Bàbá yín ní ìyá ẹ̀ ò lè gbọ́, ọ̀nà jìn. Ló bá yìn ín fún un." Ó tún rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Mọ̀dínátù lọ mú aṣọ funfun tí wọ́n máa fi di òkú. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá àgbà náà ki àpótí ọta bọ ìbọn, ó fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi í kọ́, ihò ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà sì yanu sílẹ̀. Ó sọ fún Nùrẹ́nì pé, "Tó bá ti yanu báyìí, ó ti ṣe tán àtiyìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n jù ú sí ṣáláńgá, jàre."

Nùrẹ́nì fẹ́ jù ú nù lóòótọ́. Mọ̀dínátù ni kò jẹ́.

"Bàbá Mubarakah, ẹ̀rù ti bà wá tó. Kó ba Fẹ́kọ́mi náà."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi í sí. Aránṣọ ni Mọ̀dínátù, kò lè rí irin tó dọ̀tí kó mójú kúrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ nù ún látòkè délẹ̀. Ó rí i pé ó yanu, eruku sì ń wọ̀ ọ́. Ó yọ àpótí ọta, ó tú irin náà sílẹ̀ níbi tó kọ́ sí, irin náà yọ́ padà wọlé, ẹnu rẹ̀ padé. Ó ki ọta padà sáyè rẹ̀. Bó ṣe máa ń dé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà nìyẹn. Kò tilẹ̀ rántí sọ fún ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ fìdáù, nígbà tí àwọn àfáà ti lọ, Fẹ́kọ́mi wọ pálọ̀ tòun ti bàtà, ó dúró lórí sìmẹ́ńtì tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé fóònù sókè, ó ń ká fídíò.

"Brọ̀dá Nùrẹ́nì, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ṣé bàbá ń sùn dáadáa? Mo wá jí wọn ni."

"Jáde nílé mi."

"Ilé ta?" Fẹ́kọ́mi fẹsẹ̀ kilẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́? Ó ní ilé òun!"

Nùrẹ́nì wọ yàrá, ó gbé ìbọn jáde. Mọ̀dínátù rí i bí ojú Fẹ́kọ́mi ṣe ṣú, ayọ̀ sì bò ó.

"Ẹ yìn ín!" ló kígbe. "Bàbá Mubarakah, ẹ yìn ín fún un!"

Nùrẹ́nì fà á. Kò dún. Ó tún fà á, kò dún.

Fẹ́kọ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọmọ tó ń ká fídíò gba ìbọn lọ́wọ́ Nùrẹ́nì bí ẹni gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọdé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹnu ẹ̀ ti padé, ọ̀gá. Ẹni tó tì í ló gbà yín o."

Mọ̀dínátù wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Fóònù ti ká gbogbo ẹ̀," ni Fẹ́kọ́mi wí. "Ìbọn wà níbẹ̀, ojú ẹ wà níbẹ̀, ohùn ìyàwó ẹ náà wà níbẹ̀. Ṣé ká gbé e fún ọlọ́pàá, kẹ́yin méjèèjì jọ ṣẹ̀wọ̀n, kí Mubarakah ọmọ yín wá máa gbọ́únjẹ fún mi? Àbí kẹ́ ẹ hú bàbá yẹn kúrò lórí ilẹ̀ mi? Ẹ̀yin fúnra yín o. Mi ò fẹ́ lébìrà."

Nùrẹ́nì dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Mọ̀dínátù kò bẹ̀bẹ̀. Ó jáde lọ mú díígà wọlé.

"Ẹ gbẹ́ ẹ."

"Bàbá mi ni."

"Mo mọ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ."

Wọn kò lo pósí nígbà tí wọ́n sin ín. Aṣọ funfun náà ti yí padà. Mọ̀dínátù fi ìborùn di imú, ó mú ibi orí, Nùrẹ́nì mú ibi ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e, aṣọ ya ní èjìká. Nùrẹ́nì bì sára ògiri, ó sì tún padà mú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Lóde, ọmọ yẹn fa irin ìbọn sẹ́yìn, ó yìn ín sí táńkì omi wọn. Ọta rọ̀, omi tú jáde níbi gbogbo. Fẹ́kọ́mi pàtẹ́wọ́.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́! Ìjà ilẹ̀ Àgbàdo ló ń bá wa lọ lọ́la." Ó tẹrí ba fún òkú náà. "Bàbá, ẹ ṣeun o. Ogún gidi lẹ fi sílẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ni Mọ̀dínátù ń rò: ká ní òun fi ẹnu ìbọn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Fẹ́kọ́mi tún pè wọ́n.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ padà wá dí ihò yìí. Ẹni tó ra ilẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó."

Wọ́n tẹ́ bàbá sínú oòrùn. Mọ̀dínátù wọlé, ó mú ṣọ́bìrì.