Ọwọ́ Tí Màmá Arlys Gbé Sókè

Níbi ọdún bíà tí ìjọ Luther wa ní Wisconsin máa ń ṣe nígbà ìwọ́wé, ẹni tó bá na ife bíà kíkún síwájú pẹ́ jù ló ń gba odindi itan ẹlẹ́dẹ̀. Norbert, olórí àwọn alàgbà, ló máa ń gbà á, ìyangàn rẹ̀ kì í sì í jẹ́ ká sinmi. Lọ́dún tó kọjá, apá ti ro gbogbo àwọn yòókù, wọ́n ti gbé ife wọn kalẹ̀, ó wá ku òun àti Arlys, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Norbert ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá, ẹ gbé e sílẹ̀ o, kí apá yín má lọ yẹ̀."

Apá Arlys ń gbọ̀n lóòótọ́. Ló bá kígbe: "Pásítọ̀, ṣé bá a ṣe máa jẹ sọ́séèjì tó wà lórí tábìlì yìí láìgbàdúrà nìyẹn?"

Ojú ti pásítọ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!"

Gbogbo wa dijú, a pa ọwọ́ pọ̀. Norbert, tó máa ń jágbe mọ́ ọmọ tí kò bá pa ọwọ́ pọ̀, sáré gbé ife kalẹ̀. Nígbà tá a ṣe àmín, ife Arlys ṣì wà lókè.

"Ojóró!" Norbert fárígá. "Màmá ò pa ọwọ́ pọ̀!"

"O ò ka Sáàmù ni? 'Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè sí ibi mímọ́.' Mo gbé tèmi."

Pásítọ̀ fẹ́ lejú, àmọ́ ẹ̀rín ń mì í léjìká. Ó gbé ẹran fún Arlys. Norbert kọ́kọ́ wú bí búrẹ́dì. Nígbà tó yá, ó bá màmá gbé ẹran náà dé ìdí ọkọ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ nínú ẹ̀ nílé wọn lọ́jọ́ Sunday.