Kò Sí Àyè fún Ejò nínú Fọ́ọ̀mù Náà

9.

…tí kò sì kúrò níbẹ̀. Ó nà gbalaja sórí ọ̀nà, orí rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, ìrù rẹ̀ lábẹ́ òkúta. Ọká ni. Akódà dúró. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé wà nínú fìlà rẹ̀. Ìró irin ń dún lókè níbi tí ó ń lọ. Bàbá wà nílé.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn méjèèjì síbẹ̀ ná. Wọn ò ní lọ.

1.

Akódà kọ́ọ̀tù kì í kọ "mo". Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ tó bá dé, ohun tó máa kọ ni pé akódà dé ibẹ̀, akódà bá ẹni náà nídìí ebè rẹ̀, akódà fi ìwé lé e lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni Wàhábì ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bí ebi bá ń pa á, á ní ebi ń pa akódà. Simiat ìyàwó rẹ̀ a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní kí akódà wá jẹun kí ọbẹ̀ akódà tó tutù.

Nítorí náà, níbi tí ẹ bá ti rí "akódà" nínú ìwé yìí, ẹ má wá ẹlòmíràn lọ.

2.

OHUN TÍ KỌ́Ọ̀TÙ FÚN AKÓDÀ

fìlà, ọ̀kan
bẹ́líìtì onídẹ, ọ̀kan
aṣọ kaki, méjì
fọ́ọ̀mù ìjíṣẹ́, ìdì kan

OHUN TÍ KỌ́Ọ̀TÙ KÒ FÚN AKÓDÀ

bàtà

3.

Àwọn méjì ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wàhábì ló ni ọ̀nà Àràmọ̀kọ títí dé Ìjerò, ó ń gun kẹ̀kẹ́. Samson ló ni ọ̀nà òkè, láàrin Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Ìmẹ̀sí, níbi tí kẹ̀kẹ́ kò lè gùn.

Nínú oṣù kẹsàn-án, 1965, ọká bu Samson jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Wọ́n bá a ní ìjókòó sídìí igi, bí ẹni tó ń sinmi. Ìwé ìpẹ̀jọ́ tó ń gbé lọ ṣì wà nínú fìlà rẹ̀.

Olúwọlé, akọ̀wé kọ́ọ̀tù, nu ìwé náà mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó nà án sí Wàhábì. Ó ní ẹjọ́ kì í dúró de òkú.

Láti ọjọ́ náà ni akódà ti ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Bí okùn bá wà nílẹ̀ láàárín ilé, á yà fún un.

4.

ÌKÌLỌ̀

*Ẹnikẹ́ni tí a bá bá ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìwé àṣẹ: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.*
*Ẹnikẹ́ni tó bá rọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.*
*Nítorí rògbòdìyàn tó wà nílùú, a kì yóò gbọ́ àwáwí.*

(Akódà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi níwájú ọjà. Ẹnìkan fi èédú kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ejò ńkọ́?* Olúwọlé ní ọwọ́ ìkọ̀wé náà jọ ti akódà. Akódà ní kò jọ ọ́.)

5.

ÌBỌN KÌÍNÍ. Ti Olúdayọ̀, oníṣòwò ní Àràmọ̀kọ, ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà. Sójà kan tó ti ogun Bọ́mà dé ló gbé e wálé. Ó ń gba ọta mẹ́fà. Ó ń dán. Ó tóbi ju àpò kaki lọ. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀fẹ́ ni.

ÌBỌN KEJÌ. Ti Ògúnyọmí, alágbẹ̀dẹ tó ń gbé lórí òkè. Ẹnu rẹ̀ kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ igi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè yìn ín, ṣùgbọ́n ọta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kì sí i, tí wọ́n á fọ́n ká, ẹni tí ojú rẹ̀ kò mú pàápàá lè bá ejò. Kí èèyàn tó tún un kì, ejò ti jẹ ẹ́ tán, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀PÁ. Ti Simiat. Ó gùn, ó jẹ́ igi orógbó, kò gba ìwé àṣẹ. Akódà kò kà á mọ́ àwọn tó ń yàn nínú wọn. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ Samson náà.

Akódà di ìbọn Olúdayọ̀ mú fún ìgbà díẹ̀. Ó wù ú, kí ẹnikẹ́ni má parọ́. Olúdayọ̀ bu ẹmu fún un, ó gbàgbé pé Mùsùlùmí ni. Ó sọ fún un pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló kórìíra ẹni tó ń gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ kiri, pàápàá lákòókò yìí, pé kò yẹ kí ó máa dá rìn.

"Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà," ló wí. "Wá bá wa rìn, Wàhábì. Ìbọn yìí, ejò inú igbó, ejò inú ìlú, ó gba méjèèjì."

Akódà gbé ìbọn náà padà sórí tábìlì. Ó dúpẹ́, ó ní òun á padà wá. Kò padà lọ.

6.

Ògúnyọmí ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì tíì ta ìbọn rí fún ẹni tí kò fi ahọ́n kàn án. Bó ṣe ń ṣe é ni pé yóò gbé ìbọn náà lé orí irin tó máa ń lu irin lé lórí, yóò ní kí ẹni tó fẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ó tọ́ ọ lá, kí ó sì dárúkọ ohun tí yóò fi pa. Ẹ̀tu lo dárúkọ? Ẹ̀tu nìkan. Bí o bá fi pa ohun mìíràn, irin yóò wá ọ wá.

Òun náà yóò tọ́ ọ lá tẹ̀lé e. Tirẹ̀ ni pé òun kò ní sẹ́ ẹ láéláé pé òun ni òun rọ ọ́.

Akódà rò ó pé òun ń kírun, ọ̀rọ̀ irin kò kan òun. Ó ní bísímílà, ó tọ́ ọ lá kíá, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

"Ejò," ló wí.

"Ejò nìkan?"

"Ejò nìkan, Bàbá."

Ògúnyọmí náà bẹ̀rẹ̀, ó tọ́ ọ lá. Ó nu ẹnu. "Ẹ̀rín í pa ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ubọn ti gbọ́."

7.

ÀGỌ́ ỌLỌ́PÀÁ. OHUN TÍ WỌ́N SỌ.

(Ọjọ́ kẹta tó ra ìbọn náà ni wọ́n dá kẹ̀kẹ́ akódà dúró lójú ọ̀nà Àràmọ̀kọ. Àpò òsì ni wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìbọn wà, bí ẹni pé ẹnìkan ti júwe rẹ̀ fún wọn.)

ỌLỌ́PÀÁ: Kí lo fẹ́ fi ìbọn ṣe?

AKÓDÀ: Ejò.

ỌLỌ́PÀÁ: Ejò ẹgbẹ́ wo?

AKÓDÀ: Ọká.

ỌLỌ́PÀÁ: Gbogbo ẹni tí a mú lọ́sẹ̀ yìí, ejò ni gbogbo wọn fẹ́ pa.

AKÓDÀ: Èmi búra sí i.

ỌLỌ́PÀÁ: Níbo?

AKÓDÀ: Lórí irin.

ỌLỌ́PÀÁ: Ta ló gbọ́ ọ?

AKÓDÀ: Ẹni tó rọ ọ́.

ỌLỌ́PÀÁ: Ó lórúkọ?

Akódà dárúkọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó nà án. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

7, síwájú sí i.

*Ẹrù ẹ̀rí: ìbọn ìléwọ́, ọ̀kan. A kò rí àmì pé ó ti pa ohunkóhun rí.*

8.

Adájọ́ ní bí alágbẹ̀dẹ náà bá wá, tí ó sì jẹ́rìí pé ejò nìkan ni wọ́n dárúkọ sí ìbọn náà, òun lè ṣàánú akódà. Bí kò bá wá, ọdún mẹ́ta. Ní ti alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀, òfin tó wà lára igi níwájú ọjà ti sọ tirẹ̀.

Wọ́n gba onídùúró fún akódà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí kò sí akódà mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Olúwọlé nawọ́ ìwé kan sí i láìwo ojú rẹ̀.

*Sí: Ògúnyọmí alágbẹ̀dẹ, ọ̀nà òkè. Kí o wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ Wàhábì akódà.*

Ẹni tí yóò gbé e lọ: Wàhábì akódà.

Ó bi Olúwọlé bóyá kò sí ẹlòmíràn. Olúwọlé ní Samson ni ì bá gbé e, ọ̀nà rẹ̀ ni.

8, nílé.

Simiat ní kí ó kọ ọ́ pé òun kò bá bàbá náà nílé. Ó ní àbí kí ó tiẹ̀ lọ sọ fún adájọ́ pé ọ̀nà ni òun ti ṣa ìbọn náà, gbogbo èèyàn ló ń ṣa nǹkan lọ́nà. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un?

Akódà ní òun ti fi ahọ́n kan irin.

Simiat wò ó títí. "Ẹ ní ọ̀rọ̀ irin kò kàn yín."

Ó jókòó, ó sunkún. Ó ní bàbá arúgbó kò ní lo ọdún mẹ́ta kó jáde láàyè, pé ọkọ òun náà kò sì gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní òun ò mọ èyí tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún mọ́. Ojú ti akódà gan-an. Ó mú ọ̀pá orógbó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bàbá kò ní sẹ́. Ìyẹn ló ń dùn ún. Ká ní òpùrọ́ ni, ì bá sàn fún gbogbo wọn.

9, ìyókù.

Ọká kò sá fún ẹnikẹ́ni. Akódà ti ń wò ó, ó ti ń wo akódà, oòrùn ti kúrò lápá ọ̀tún bọ́ sí apá òsì. Lẹ́yìn, ní ìkọ́nà ìsàlẹ̀, igi Samson wà níbẹ̀. Àpáta ló wà lọ́tùn-ún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà lósì.

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti kún irú rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún. Àyè wà fún ẹni tó gba ìwé, àyè wà fún ẹni tó kọ̀ ọ́, àyè wà fún òkú. Kò sí àyè fún ejò.

Ìró irin dákẹ́ lókè.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí ewé gbígbẹ. Ẹsẹ̀ lásán ni, ti àgbàlagbà, kò yára.

"Ta ni ín?" Ohùn Bàbá ni. "Wàhábì? Máa bọ̀, ọ̀nà mọ́."

Akódà lè dákẹ́. Kí ó kọ èyí sílẹ̀, torí òótọ́ ni: ó ronú pé òun lè dákẹ́.

"Ẹ dúró níbẹ̀, Bàbá. Ọká wà lọ́nà."

Ẹsẹ̀ náà dúró.

"Ubọn tí mo rọ fún ọ ńkọ́?"

10.

ÌJÁBỌ̀ AKÓDÀ
*(Pa èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ rẹ́)*

Akódà dé ibẹ̀. / Akódà kò dé ibẹ̀.

Akódà bá a. / Akódà kò bá a.

Ó gbà á. / Ó kọ̀ ọ́. / Ó ti kú.

Ọjọ́: …………

Orúkọ akódà: Wàhábì