Iyọ̀ Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdù, mo da iyọ̀ sórí àwọn ẹja àrọ̀ wa láàyè, bí àwọn aládùúgbò ti ń ṣe. Wọ́n jà nínú agbada títí ó fi rẹ̀ wọ́n. N kò fọwọ́; orí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ adágún ni mo sùn lọ, ibẹ̀ ni mo ti lá àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí.

Kí Ìbídùn, aya mi, tó kú, òun ló ń pa ẹja. Á fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀, á fi ọmọ odó kékeré lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, ó parí. "Ẹja tó bá jẹ̀rora kú, ẹran rẹ̀ kì í dùn," ló máa ń wí. Láti ìgbà tó ti lọ, n kò lè fọwọ́ kan ọmọ odó náà.

Ọmọ odó ọ̀hún ló jí mi nínú àlá.

"Bàbá Fọlá, ẹ dìde. Àwọn ẹja ti lọ fẹjọ́ yín sùn."

Mo tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì ìjọba kan léfòó lójú adágún wa bí igbá. Àwọn ẹja jókòó síbẹ̀, iyọ̀ lára wọn. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn.

"Kí lẹ wá gbà?" ni ọ̀gá ibẹ̀ bi mí.

"Ẹ̀rọ oníná tó ń pa ẹja kó tó mọ̀ pé òun ń kú, sà."

"Ó ti tán. Ìyàwó yín ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ẹ jọ̀ọ́, òun ni kẹ́ ẹ fún mi."

Ìbídùn jáde pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Kò tíì kí mi tó fi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹja.

"Ta ló ṣe yín báyìí?"

"Ọkọ yín ni," ni àgbà ẹja kan wí. "Ọmọlúàbí ni o! Ó da iyọ̀ lé wa lórí tán, ó sì tún kí wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́," ni ọ̀gá wí. "Tí mo bá ti wí pé, 'Ẹ máa lọ,' kí ẹ mú ìyàwó yín lọ sílé."

Mo nawọ́. Iyọ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀gá gbóòórùn rẹ̀, ó lá a. Irùngbọ̀n ewúrẹ́ hù lágbọ̀n rẹ̀, ìwo yọ lórí rẹ̀.

"Ẹ máa... mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Ẹ parí ọ̀rọ̀ náà, sà!"

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ìbídùn ká aṣọ rẹ̀. "Bàbá Fọlá, ẹ ò bá ti fọwọ́." Ó padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo lajú. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan ń lá iyọ̀ àná ní àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò lé e. Ó lá a tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìbídùn kò sí mọ́.