Róòbù Nínú Oko Àjàrà

"Ta ló ká eléyìí?"

Bàbá olóko gbé ṣírí àjàrà kan sókè. Ó ti hunjọ, ó ti bu, àfi bíi pé wọ́n ku eérú lé e lórí, bíi gbogbo èyí tó kù nínú agbọ̀n. Wọ́n ní ó ń rùn bí ọtí kíkan. Àrínọlá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ká èso, ò gbọ́ òórùn náà rárá.

"Ìlà tèmi ni, sà," Auntie Yétúndé dáhùn. "Èmi ni mò ń darí àwọn tó ká a."

Èso tó bu ni wọ́n fi ń ṣe ọtí dídùn tí oko àtijọ́ yìí fi lórúkọ. Ìkùukùu àárọ̀ á mú kí èso bu, bíbu náà á lu èèpo rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, oòrùn ọ̀sán á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, adùn á kù. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹyẹ tàbí kòkòrò bá ti dá lu lè kan, ojú ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Imú ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbóòórùn ṣírí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jù ú sínú agbọ̀n, tí wọ́n sì fi ń sọ pé kí ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe jókòó sílé.

Ọ̀fìnkìn ti ń ṣe Àrínọlá láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò fẹ́ kí shift bọ́ lọ́wọ́ òun. Kó tó wọ ọkọ̀ tó ń kó wọn ní ibùdókọ̀ Kipling ní Toronto láàárọ̀, ó ti ki róòbù bọ ihò imú méjèèjì. Imú là lóòótọ́, ṣùgbọ́n róòbù nìkan ló ń gbọ́. Síbẹ̀, ó ń gbé ṣírí sí imú, torí pé àwọn èèyàn ń wò ó.

"Gbogbo omi èso tí a fún láàárọ̀ ti bàjẹ́," bàbá náà ní. "Ọdún mẹ́fà, Yétúndé! Imú rẹ ni mo gbọ́kàn lé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ló máa darí ìlà."

Ó yíjú, ó wọ ilé ìfúntí lọ.

Auntie Yétúndé bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, jàre. Traffic Toronto ò dúró de ẹnì kan."

"Auntie, èmi ni, ma."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ká a. I couldn't smell anything. Mo fi róòbù sí imú."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Láti Kipling ni gbogbo ọkọ̀ ti ń ta bíi yàrá ìyá àgbà! Àánú ẹ ló ṣe mí. Mo ní kí n má lé ọmọ ọlọ́mọ padà sílé. Ẹjọ́ tèmi náà ni."

Ì bá sàn kó gbá a létí. Lẹ́yìn ilé ìfúntí, ọkùnrin kan ń da omi èso náà sílẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin, kò tán bọ̀rọ̀.

Awakọ̀ fọn fèrè.

"Níbo lò ń lọ?" Auntie Yétúndé pariwo.

"Mò ń bọ̀, ma."

"Tí wọ́n bá fi ẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

Àrínọlá ti kọrí sí ilé ìfúntí. Ó ti yọ agolo róòbù kékeré náà nínú àpò, ó sì ń ṣí i bó ṣe ń lọ, kí bàbá olóko lè fi imú ara rẹ̀ gbọ́ ọ.