Àìsàn Tí Kò Lọ Rí

Alágbàfọ̀ ni ìyá ọmọbìnrin kan, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ tún padà dé, tòun ti ibà, ó se gbogbo aṣọ ibùsùn nínú omi gbígbóná, ó fi oògùn apakòkòrò nu ilẹ̀ títí ojú fi ń ta gbogbo ará ilé. Lẹ́yìn náà ló wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ọ̀fìnkìn ń ṣe àbúrò rẹ̀ obìnrin nígbà tó wá kí wọn. Ìyá ọmọ ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́. Ọmọ sunkún títí, torí ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀ bí àǹtí yìí bá wà ńlé.

Nílé ìwòsàn, oògùn tó wò ó sàn lẹ́ẹ̀kan kò ṣe nǹkan kan mọ́. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ́bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fi wé ti ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́jú pamọ́. Dókítà wá fa àga, ó jókòó. Dókítà tó ń kánjú lójoojúmọ́, tó bá jókòó tì ọ́, kí àyà rẹ já.

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò kó o ràn án. Kòkòrò ìjọ́sí náà ni, kò kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí. Tá a bá lo oògùn, ọ̀pọ̀ á kú, àmọ́ àwọn díẹ̀ tápá oògùn ò ká á yè, wọ́n á sì bí irú ara wọn. Àwọn yẹn ló kún inú rẹ̀ báyìí."

Ìyá ọmọ béèrè bóyá oògùn mìíràn wà. Dókítà ní ó ku ẹyọ kan.

Òwe àwọn àgbà sọ sí i lọ́kàn. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, òun sì rèé tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀.

Wọ́n lo oògùn náà, ibà sì lọ. Nọ́ọ̀sì ní kó máa dúpẹ́. Tẹ́lẹ̀, ijó ni ì bá jó. Ìyá gbọ́wọ́ lé iwájú orí ọmọ, ó tutù. Irú àkókò ìtura báyìí làwọn kòkòrò tó bá yè máa ń pọ̀ sí i.

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ní ìjà ti tán, ṣé ara ọmọ ti yá ṣá?

"Ó ti yá," ló wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."